Ṣé o mọ̀? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í já lásán

Sáfà tó kú pátápátá kì í fún ẹni tó ń tún un ṣe ní ìyọnu púpọ̀. Iná kò tàn lára rẹ̀, tàbí wáyà rẹ̀ ti já. A rí i, a tún un ṣe. Èyí tó ń gba oorun lójú ẹni ni sáfà tó ń ṣe ségesège: ó gbé láàárọ̀, ó já lọ́sàn-án, ìgbà tí ẹnjiníà yóò sì fi dé ìdí rẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Wọ́n á pa á, wọ́n á tún un tàn, wọ́n á máa bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń wá tó ń lọ ní ohun tó ń tẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ aago, ó lè jẹ́ bí ẹrù ṣe tóbi tó, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà tí ẹrù gbà kọjá. Ẹni tó bá rí ohun tó ń tẹ̀ lé ti rí ibi tí àrùn fara pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ kan la máa nílò lọ́nà. Ohunkóhun tí sáfà bá fẹ́ rán jáde, ìbáà jẹ́ àwòrán, lẹ́tà tàbí owó tí báǹkì fẹ́ fi ránṣẹ́, ó máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ ni. Wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan ni pákẹ́ẹ̀tì.

Ṣé o mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣe ségesège ló mú kí ẹnì kan kọ ping?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, Mike Muuss, tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ohun ìjà àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Aberdeen, ìpínlẹ̀ Maryland, rí i pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ òun ń hùwà tí kò yé òun. Ó jókòó lálẹ́, ó kọ ètò kékeré kan tó ń ké sí kọ̀ǹpútà kejì, tó sì ń ka iye àkókò tí ìdáhùn gbà kó tó dé. Ó lé ní ogójì ọdún báyìí, ping náà ṣì ni ohun tí ẹnjiníà ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ping ìṣẹ́jú kan kò lè rí àrùn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta. Jẹ́ kó máa ké sí sáfà náà tọ̀sán-tòru, kó sì máa kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Lórí Linux, ping -D ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ṣoṣo pa íntánẹ́ẹ̀tì odindi abúlé lára fún ọdún kan ààbọ̀?

Abúlé náà ni Aberhosan, ní ilẹ̀ Wales. Láràárọ̀, bí aago méje bá ti lù, íntánẹ́ẹ̀tì gbogbo àdúgbò á já tàbí kó máa falẹ̀. Openreach, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó wáyà tẹlifóònù ní ilẹ̀ Britain, pààrọ̀ wáyà abúlé náà, pàbó ló já sí. Nígbà tó yá, ní 2020, àwọn ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ariwo iná mànàmáná, wọ́n ń rìn káàkiri abúlé láti aago mẹ́fà ìdájí, nínú òjò tó ń rọ̀ gidigidi. Nígbà tí aago méje lù, ẹ̀rọ gbọ́ ariwo ńlá. Wọ́n tẹ̀ lé e títí dé ilé kan. Onílé ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó máa ń tàn ní aago méje láràárọ̀, tẹlifíṣọ̀n náà ló ń tu ariwo iná sínú wáyà àdúgbò. Ojú ti onílé, ó pa á, kò sì tàn án mọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: nígbà wo? Bí sáfà bá ń já ní aago méjì òru lójoojúmọ́, kí ló ń bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru? Ó lè jẹ́ pé àkókò yẹn ni ẹ̀rọ mìíràn ń da gbogbo fáìlì rẹ̀ kọ sí ibi ìpamọ́, tó sì ń gba gbogbo ọ̀nà. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tàbí mọ́tò ńlá kan tí wọ́n ń tàn nítòsí wáyà. Kọ aago sílẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí sáfà kan kò lè fi ímeèlì ránṣẹ́ kọjá 500 máìlì?

Trey Harris, tó ń bójú tó ímeèlì yunifásítì kan ní North Carolina, ló kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní 2002. Olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò àkójọ ní yunifásítì náà pè é, ó ní ímeèlì àwọn ń dé ibi tó wà nítòsí, kì í kọjá nǹkan bí 500 máìlì. Harris kò gbà á gbọ́, àmọ́ ó dán an wò. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí New York dé. Èyí tó lọ sí Memphis àti Boston kò dé. Ó wá rí i pé nígbà tí wọ́n ń tún sáfà náà ṣe, wọ́n ti dá ètò ímeèlì padà sí ti àtijọ́, èyí tí kò lóye ìwé ìtọ́ni tuntun. Ètò àtijọ́ yìí wá ka àkókò tó yẹ kó fi dúró de sáfà kejì sí òdo. Lórí ẹ̀rọ yẹn, òdo túmọ̀ sí nǹkan bí ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá. Láàárín àkókò bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè rìn ju 558 máìlì àti díẹ̀ lọ.

Wo ohun tó gba Harris là: ẹni tó mú ẹjọ́ wá kò kàn sọ pé "ímeèlì kò lọ". Ó ti to ibi tó dé àti ibi tí kò dé jọ, ó ti wọn ọ̀nà wọn. Bí oníbàárà bá sọ ohun tó dà bí àlọ́, má ṣe lé e dànù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ìwọ̀n tó péye jù lọ tí o máa rí gbà.

Ṣé o mọ̀ pé iye ìṣẹ́jú-àáyá tí o fi dúró lè dárúkọ ẹni tó dá ọ dúró?

Bí sáfà Linux bá fẹ́ mọ ádírẹ́sì orúkọ kan lórí ayélujára, ó máa ń bi sáfà orúkọ, ìyẹn DNS. Bí èyí tó kọ́kọ́ bi kò bá dáhùn, ìṣẹ́jú-àáyá 5 ló máa ń dúró kó tó bi òmíràn, àfi tí ẹnì kan bá ti yí i padà. Nítorí náà, bí ojú ìwé kan bá ń ṣí wéré nígbà mìíràn, tó sì ń pẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 gééré nígbà mìíràn, lọ wo sáfà orúkọ tó wà lókè nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 1, tàbí 3, tàbí 7 ló ń pẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: pákẹ́ẹ̀tì tó ń kan ilẹ̀kùn ló ń sọnù lọ́nà. Àwọn Linux tó jáde kí 2023 tó dé máa ń tún un kàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 1, lẹ́yìn náà 2, lẹ́yìn náà 4. Ro wọ́n pọ̀, wàá rí àwọn nọ́ńbà yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹrù kékeré lè máa kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí ẹrù ńlá ń pòórá ní ojú ọ̀nà kan náà?

Lórí wáyà Ethernet, pákẹ́ẹ̀tì kan kì í sábà ju 1,500 báìtì lọ. Àmọ́ àwọn ọ̀nà kan wà, bíi ti VPN, tí kò gba tó bẹ́ẹ̀. Bí pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi bá dé ibẹ̀, ó yẹ kí ráútà tó wà níbẹ̀ dá iṣẹ́ padà sí ẹni tó rán an pé kó gé e kéré sí i. Ìlànà yìí ti wà nílẹ̀ láti 1990. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé àwọn kan to firewall wọn pé kó dá gbogbo iṣẹ́ irú bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n rò pé ààbò ni. Ráútà ń sọ̀rọ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò gbọ́, ó sì ń rán ẹrù ńlá kan náà lọ sínú òfìfo léraléra.

Ojú tí èyí ń gbé wá máa ń da ọ̀pọ̀ lọ́kàn rú: o wọlé sórí sáfà láìsí wàhálà, o tẹ àṣẹ kékeré, ó dáhùn; o ní kó kó orúkọ fáìlì 1,000 jáde, ó dì gbagidi. Bí a ṣe ń mú un rọrùn. Rán ping tó tóbi, pẹ̀lú àṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gé e: ping -M do -s 1472. Nọ́ńbà 1,472 yìí pẹ̀lú 28 báìtì orí pákẹ́ẹ̀tì jẹ́ 1,500. Bí kò bá kọjá, máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kọjá; fi 28 yẹn kún un, ìwọ̀n ibi tó há nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú pákẹ́ẹ̀tì lè pa ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà?

Ní 2013, Kristian Kielhofner tẹ̀ jáde bí àwọn ẹ̀rọ tẹlifóònù orí ayélujára tó ń bójú tó ṣe ń kú lójijì. Gbogbo ohun mìíràn nínú ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló máa ń kú, àfi tí wọ́n bá yọ iná kúrò pátápátá, kí wọ́n tó tún un tàn. Ó fara balẹ̀ tẹ̀ lé e títí ó fi dé orí báìtì kan ní ibì kan pàtó nínú pákẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà 2 bá bọ́ sí ibẹ̀, ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kú. Bí nọ́ńbà 4 bá kọ́kọ́ bọ́ sí ibẹ̀, ó di àjẹsára: pákẹ́ẹ̀tì tó ń pa á kò tún lè pa á mọ́ títí wọn yóò fi tún ẹ̀rọ tàn. Intel, tó ṣe ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ní ètò tí ẹni tó kan pátákó ẹ̀rọ náà kọ sínú rẹ̀ ni kò dára. Ibi tí ọ̀pọ̀ yóò ti sọ pé ẹ̀rọ náà ti gbó, sùúrù ló fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í yẹ ìwé ẹ̀rí ẹnikẹ́ni wò kó tó gbà á gbọ́?

Láti 1982 ni kọ̀ǹpútà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ti ń fi ìlànà kan tó ń jẹ́ ARP wá ara wọn. Ọ̀kan á kígbe pé, "Ta ló ni ádírẹ́sì yìí?" Ẹni tó bá dáhùn pé "Èmi ni", òun ni wọn yóò máa kó ẹrù fún. Kò sí ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí. Bí ẹnì kan bá wá fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ádírẹ́sì tó jẹ́ ti sáfà, àwọn méjèèjì á máa dáhùn. Nígbà tí sáfà bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, sáfà já. Ẹnì kan á ní "ó ń gbé", ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní "kò gbé", òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Lo arping láti orí ẹ̀rọ mìíràn: bí ìdáhùn bá ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ méjì wá, o ti rí i.

Ṣé o mọ̀ pé wáyà tí a fi kún wáyà kí iṣẹ́ má bàa dúró lè di ìdí tí iṣẹ́ fi ń dúró?

Ọ̀pọ̀ sáfà ló ní wáyà méjì tí a so pọ̀ bí ọ̀kan, kí ọ̀kan lè máa gbé e bí èkejì bá já. Ẹ̀rọ ló máa ń fi ádírẹ́sì oníbàárà ṣírò wáyà tí ẹrù oníbàárà náà yóò gbà, ìbáà sì jẹ́ ìgbà mélòó, wáyà kan náà ni yóò máa gbé e sí. Bí wáyà kan bá já pátápátá, ẹ̀rọ á kó gbogbo ẹrù sórí èkejì. Àmọ́ bí kò bá já, tó kàn ń ba díẹ̀ jẹ́ nínú ohun tó ń gbé, àwọn oníbàárà kan á máa jìyà lójoojúmọ́ nígbà tí àwọn yòókù kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Má ṣe béèrè pé "ìgbà wo" nìkan, béèrè pé "ta ni".

Ṣé o mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè pa ìsopọ̀ tó dára?

Firewall àti àwọn ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ádírẹ́sì máa ń rántí ìsopọ̀ tó gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Bí ìsopọ̀ kan bá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọn á gbàgbé rẹ̀. Èyí tí Amazon ń yá èèyàn lò, tí wọ́n ń pè ní NAT gateway, máa ń gbàgbé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 350. Linux ní tirẹ̀, bí a kò bá yí i padà, máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 7,200, ìyẹn wákàtí méjì, kó tó rán ẹnikẹ́ni láti wò bóyá ìsopọ̀ tó dákẹ́ ṣì wà láàyè. Láàárín àkókò méjèèjì yìí, sáfà gbà pé ilẹ̀kùn ṣí, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti tì í. Ìdí nìyí tí ẹni tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ fi máa ń rí àṣìṣe, tí ẹni tó tẹ̀ lé e kì í rí nǹkan kan. Dín wákàtí méjì yẹn kù, bí ètò tó ń lo ìsopọ̀ náà bá sì ti ní kí Linux máa wò ó, ó tán.

Ṣé o mọ̀ pé sáfà lè lé àlejò padà nígbà tí ara tu àwọn tó ti wà nínú ilé?

Firewall inú Linux ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ gbogbo ìsopọ̀ sí. Ìsopọ̀ tó bá ti fìdí múlẹ̀ lè wà nínú ìwé náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 432,000, ọjọ́ márùn-ún gbáko, bó tilẹ̀ dákẹ́. Nígbà tí ìsopọ̀ bá pọ̀, ìwé náà á kún. Àwọn tí orúkọ wọn ti wà níbẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ, ẹni tuntun ni kò ní rí ọ̀nà wọlé. Ìwọ tí o ti wà lórí sáfà láti àárọ̀ á búra pé kò sí wàhálà. Tẹ dmesg, kí o wá ìlà yìí: nf_conntrack: table full, dropping packet.

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà kan wà tí íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ dé 40 bíìtì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1986, ọ̀nà tó so ibùdó ìwádìí Lawrence Berkeley pọ̀ mọ́ Yunifásítì California ní Berkeley já wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì sí 40, bẹ́ẹ̀ àárín ibi méjèèjì kò tó 400 mítà. Kò sí wáyà tó bàjẹ́. Àwọn kọ̀ǹpútà fúnra wọn ló ń dá a sílẹ̀: bí pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù nítorí èrò pọ̀, wọ́n á tún un rán, èrò á tún pọ̀ sí i. Van Jacobson àti Mike Karels jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kó sì máa fà sẹ́yìn bí pákẹ́ẹ̀tì bá sọnù. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1988 lórí rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ gbogbo sáfà òde òní.

Ìyanu mìíràn ti inú rẹ̀ jáde. Nítorí pé kọ̀ǹpútà ti kọ́ láti máa fà sẹ́yìn, àdánù kékeré ń ná ni lówó púpọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí Matthew Mathis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1997, bí àlọ àti àbọ̀ pákẹ́ẹ̀tì bá gba ìdá 100 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá, tí ẹyọ 1 sì ń sọnù nínú 100, ìsopọ̀ kan tó ń lo ọ̀nà àtijọ́ kò lè ju nǹkan bíi mílíọ̀nù bíìtì kan ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kódà bí wáyà bá lè gbé bílíọ̀nù kan. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé "ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún, kò tó nǹkan".

Ṣé o mọ̀ pé ping lè dára nígbà tí wáyà ń ṣàìsàn?

Bí wọ́n bá fi ọwọ́ to ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà pé kó máa sọ kó sì máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí síwíìṣì ní ìkángun kejì sì ń dúró pé kí wọ́n jọ dúnàádúrà, síwíìṣì kò ní gbọ́ ìdáhùn, ó máa gbà pé àwọn á máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ bá kéré, wọn kò ní kọlu ara wọn. Bí fáìlì ńlá bá dé, wọ́n á máa gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, pákẹ́ẹ̀tì á máa bàjẹ́. Ping kékeré kò ní rí i láé. Ethtool ló ń fi hàn, ìṣẹ́jú kan ló gbà.

Ṣé o mọ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Boston padà sí bébà fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lọ tó ń bọ̀?

Oṣù Kọkànlá ọdún 2002 ni, ní Beth Israel Deaconess. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti dàgbà ju ohun tí ìlànà spanning tree lè gbé lọ. Radia Perlman ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1985, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti rí i pé ẹrù kò máa yí po láàárín síwíìṣì. Bí ó bá ṣubú, igbe tí kọ̀ǹpútà kan ké sí gbogbo èèyàn á máa yí po láìdúró, nítorí kò sí ohun tó ń ka iye ìgbà tó ti yí. Wáyà kan tí wọ́n ki orí méjèèjì bọ inú síwíìṣì kan náà lè dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́. Ní Boston, dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kọ ìwé, èèyàn sì ń sáré gbé àbájáde àyẹ̀wò kiri.

Ṣé o mọ̀ pé àrùn sáfà tó wà ní Èkó lè wà ní ìsàlẹ̀ òkun Abidjan?

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báǹkì ní Nàìjíríà kò lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, Benin, Togo àti Ghana náà fara gbá a. Ilé iṣẹ́ MainOne sọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tó yẹ̀ ló fà á. Ẹni tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gba wáyà Equiano, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, ń bá iṣẹ́ lọ, aládùúgbò rẹ̀ sì ń wo ojú ìwé kan náà tí kò ṣí. Traceroute, iṣẹ́ ọwọ́ Van Jacobson kan náà, ló ń fi hàn ibi tí ẹrù dé kó tó sọnù: ó ń rán pákẹ́ẹ̀tì tó gbọ́dọ̀ kú ní ráútà àkọ́kọ́, òmíràn ní ìkejì, òmíràn ní ìkẹta, ráútà kọ̀ọ̀kan á sì ránṣẹ́ padà pé ọ̀dọ̀ òun ló kú sí. Bí kò bá kọjá ilé rẹ, má ṣe bú òkun. Bí ó bá kọjá ilé rẹ, má ṣe tú sáfà rẹ palẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí sáfà bá tún já, má ṣe sáré pa á. Bí o bá pa á tí o tún un tàn, gbogbo iye àṣìṣe tí ojú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kà á padà sí òdo, ẹ̀rí á sì lọ. Kọ́kọ́ kó ohun tí ip -s link, ethtool -S àti dmesg bá sọ sínú fáìlì kan, kọ aago sí i. Lẹ́yìn náà, béèrè: nígbà wo, ta ni, ẹrù wo, ọ̀nà wo, fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó? Yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o lè mọ èyí tó wò ó. Abèèrè kì í ṣìnà. Aláìsàn tó ń retí àbájáde àyẹ̀wò àti oníṣòwò tí owó rẹ̀ há sí àárín báǹkì méjì kò mọ pákẹ́ẹ̀tì, kò sì yẹ kó mọ̀ ọ́n. Àwa tí sáfà wà níkàáwọ́ wa la jẹ wọ́n ní gbèsè ìdí tó dájú, "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn" kò lè san án.